Ọjọ́ wo ló yẹ kéèyàn sọ pé "mi ò lè wá síbi iṣẹ́ lónìí"?

Alásè Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ilé oúnjẹ kan ni mo ti ń dáná lẹ́bàá ọjà Ouando, àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti ya ìgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì ti bì lẹ́ẹ̀kan. Mo rò ó pé bí mi ò bá lọ, ọ̀gá á yọ owó ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ owó iléèwé àwọn ọmọ ti délẹ̀. Mo gbé oògùn mì, mo gbéra. Mo gé tòmátì, mo ro ọkà, mo bu ọbẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Mo ń fọwọ́ lóòótọ́, àmọ́ inú abọ́ omi kan náà ni gbogbo wa ń tọwọ́ bọ̀, ọṣẹ sì ti tán láti àárọ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, àbúrò tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti dùbúlẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó kan ọmọ ọ̀gá, ọmọ ọdún mẹ́ta, tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ wa ní ọ̀sán. Wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ méjì. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó mọ̀ pé inú mi ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé yẹn. Èmi ni mo mọ̀. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti dùbúlẹ̀, ojú ọmọ yẹn ni mò ń rí.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ dúró sílé?

Ìyá Nọ́ọ̀sì (Kétu)

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ara ọmọ ti yá, ìwọ náà fi ọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àtọ̀dọ̀ rẹ ló ti wá, nítorí omi kan náà ni gbogbo yín ń fọwọ́ sí. Àmọ́ ìbéèrè rẹ ṣe pàtàkì, jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 30 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ẹni tó bá jí tí ara rẹ̀ ò dá, ohun tó máa ń bi ara rẹ̀ ni pé, ṣé mo lè fara dà á? Ìbéèrè yẹn ò ṣe é gbára lé. Kí ni àwa obìnrin ilẹ̀ yìí ò lè fara dà? Ẹni tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ó rí i lọ́jà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tòun ti igbá lórí. Èmi, ohun tí mo máa ń bi aláìsàn ni pé: kí ni ọwọ́ rẹ ń kàn níbi iṣẹ́? Ta ló wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ? Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé, tí inú ń run díẹ̀, lè lọ jókòó sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá wà nítòsí, tí omi àti ọṣẹ sì wà. Alásè, ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ tàbí arúgbó, àwọn yìí ò gbọ́dọ̀ lọ rárá bí wọ́n bá ń bì tàbí tí wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Àìsàn kan náà ni, iṣẹ́ ló yàtọ̀.

Ọjọ́ mélòó ni wọn ó lò nílé? Kí wọ́n ka wákàtí 48 láti orí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì tó kẹ́yìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: bí inú bá ti rọlẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ní ó ti tán, wọ́n á sì lọ ní ọ̀sán. Bí inú bá tiẹ̀ ti rọlẹ̀, kòkòrò àrùn ṣì máa ń bá ìgbẹ́ jáde. Ọwọ́ tó kan ìdí tí kò rí ọṣẹ ni yóò gbé e dé inú ìkòkò ọbẹ̀.

Nílé, omi ni kó o máa mu. Bí ẹ ò bá rí àpò lulú ORS, èyí tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ṣu tó ń bì, rà, ẹ wọn omi tó mọ́ lítà kan, ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà sí i, kí ṣíbí má ga lórí, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ má fi iyọ̀ kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ o, iyọ̀ àpọ̀jù lè pa ọmọdé lára. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ìgbẹ́ bá funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, tàbí tí ìtọ̀ ò jáde mọ́, tí ojú rì wọlé, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó dà bí omi ìrẹsì yẹn, onígbáméjì ni à ń bẹ̀rù, kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó ba nǹkan jẹ́.

Onízémíjàn Àjàṣẹ́

Màmá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. "Ta ló wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ?" Ní tèmi, ẹ̀yìn mi gan-an lẹni náà máa ń jókòó sí.

Ọdún méjì sẹ́yìn, ara mi gbóná láti òwúrọ̀. Mo ra hóró oògùn méjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń gbé àtẹ kiri, mi ò mọ orúkọ oògùn náà títí dòní. Ara tù mí, mo bọ́ sórí alùpùpù. Nígbà tó di nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo gbé ìyá kan láti ọjà Adjarra, a gbé agbọ̀n ata rẹ̀ síwájú mi lórí táńkì. Mo rántí pé mò ń làágùn, síbẹ̀ òtútù ń mú mi. Ewúré kan sọdá. Mo fẹ́ tẹ bíréèkì, ọwọ́ mi ò dáhùn. Ṣé ẹ mọ̀ bí ọwọ́ ṣe ń rí téèyàn bá sùn lé e lórí? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun tó kàn tí mo mọ̀ ni pé iyanrìn wà lẹ́nu mi, ata ti tú ká ojú títì, ìyá náà jókòó nílẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sunkún, kò bú mi. Ó kàn ń wò mí. Egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́.

Owó tí mo ná lórí ọwọ́ ìyá yẹn ju ohun tí mò ń pa lóṣù kan lọ. Tí mo bá sì rí i lójú ọ̀nà, n kì í lè wo ojú rẹ̀ tààrà.

Ohun tí mò ń ṣe látìgbà náà rèé: bí ara mi ò bá dá mi lójú láàárọ̀, mo máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan nínú àgbàlá, máa ka oókan dé ogún. Bí mo bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ alùpùpù á lọ sọ́dọ̀ ìyàwó mi. Ó ti mọ̀ pé bí mo tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kó má fún mi. Àwa onízémíjàn mẹ́wàá tá a wà ní oríta wa sì ti dá àpótí kan sílẹ̀, 200 sẹ́fà lójúmọ́, ó yàtọ̀ sí àjọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá, wọ́n á mú nínú rẹ̀ fún un kó fi jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò tó nǹkan, àmọ́ ó tó láti mú kéèyàn lè sùn sílé.

Ìyá Nọ́ọ̀sì (Kétu)

Onízémíjàn, o káre. Ohun méjì ni mo fẹ́ fà yọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ.

Àkọ́kọ́, oògùn orí àtẹ. Ẹ ṣáà rántí ọjà oògùn Adjégounlè ní Kùtọnu, tí ìjọba lọ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní ọdún 2017. Àwọn oògùn wọ̀nyẹn kò tán nígboro. Òmíràn nínú wọn jẹ́ ẹfun lásán, òmíràn ní tramadol nínú, tó máa ń múni tòògbé tí kì í sì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora. Kódà, oògùn ọ̀fìnkìn tí ẹ rà ní fámásì, púpọ̀ nínú wọn ń kun ni lóorun. Ẹni tó bá fẹ́ gun alùpùpù, tó fẹ́ wa ọkọ̀, tó fẹ́ la pákó, tàbí tó fẹ́ gun àkàbà, kó béèrè lọ́wọ́ olóògùn kó tó gbé e mì.

Ìkejì, palú, ìyẹn ibà ẹ̀fọn, torí ara gbígbóná àti òtútù tó mú ọ yẹn jọ ọ́. Palú kì í ran ẹlòmíràn láti ara rẹ, ẹ̀fọn ló ń gbé e. Nítorí náà, kì í ṣe tìtorí ẹni tó wà níbi iṣẹ́ lẹ ṣe ń dúró sílé, tìtorí ara yín ni, àti ẹni tí iṣẹ́ yín fi sí ìkáwọ́ yín. Ẹ má méfò o. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní TDR ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, wọ́n á gún yín níka, láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, èsì ti dé. Bí ó bá jẹ́ palú, èyí tí wọ́n sábà máa ń fúnni ni artemether-lumefantrine: ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹun tó ní epo díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó, kí ara lè gbà á. Ní ọjọ́ kejì, ibà á lọ, ẹ ó rò pé ẹ ti mókun, ẹ ó sì fi ìyókù pa mọ́ fún ìgbà mìíràn. Mo bẹ̀ yín, ẹ lò ó tán. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lò ó nílé.

Bí ẹ bá lo oògùn palú tán tí ibà ò lọ, ẹ má tún un lò nílé, ẹ padà sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ pàápàá, ẹ rántí ọdún 2016, nígbà tí ibà Lassa jà ní Tchaourou, lókè yín níbẹ̀. Bí ibà ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, bí palú gan-an. Eku ló ń gbé e, láti ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó bọ́ sí gàrí tàbí oúnjẹ tí a ò dé.

Tísà Ṣábẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. A ò tíì gbàgbé 2016 níbí.

Tèmi jẹ́ ojú. Àpólò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò lè la ojú òsì mi, ipin ti lẹ̀ ẹ́ pa. Mo fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, mo wọ awò dúdú, mo lọ kọ́ àwọn ọmọ. Mo ro pé awò dúdú á dáàbò bo wọn, nítorí à ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá wo ojú alápólò ló ń kó o. Irọ́ ni. Ọwọ́ ló ń gbé e. Mò ń fọwọ́ nu ojú, mò ń fọwọ́ kan náà gba ìwé wọn, mò ń pín ẹfun. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kíláàsì mi tí ojú wọn pọ́n bí ata.

Ọdún 1969 ni àrùn ojú yìí kọ́kọ́ jà ní Gánà, ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà gun ọkọ̀ Apollo lọ sínú òṣùpá, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ tí á fi kúrò fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí olùkọ́, onígbàjámọ̀, ẹni tó ń dirun, àti ẹni tó ń ka owó fúnni dúró sílé títí ojú ò fi ní í ṣomi mọ́. Kí tówẹ́lì rẹ̀ dá wà. Ẹ má fi omi ọmú, ìtọ̀ tàbí àgbo sójú, mo mọ ọmọ kan nílé ìyá mi tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ nítorí rẹ̀.

Àgbẹ̀ Kajú (Ṣábẹ)

Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò sì jiyàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Kajú kì í dúró deni. Láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún ló ń bọ́, bí o ò bá ṣà á lónìí, ẹlòmíràn á ṣà á lọ́la, tàbí kí òjò pa á. Bàbá mi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ibà, bàbá rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wo ni mo fẹ́ pè láàárọ̀ pé ara mi ò yá?

Ìyá Gàrí (Kétu)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dáhùn yín, torí èmi náà ò ní ọ̀gá. Gàrí ni mò ń yan. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú nílẹ̀, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ń lò, inú rẹ̀ á dúdú. Ọdún tó kọjá, mo wú ẹ̀gẹ́ kún ọmọlanke kan, àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo dìde ní ọjọ́ kejì, mo fẹ́ bó o. Mo jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e sókè. Mo bó mẹ́ta, mo sùn lọ síbẹ̀. Gbogbo ẹ̀gẹ́ yẹn ló bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí àáró. Ṣé àwọn bàbá wa tí ẹ ń sọ, ṣé àwọn nìkan ló ń ro oko wọn ni? Wọ́n ń ṣe àáró! Mo lọ bá obìnrin méjì tá a jọ ń yan gàrí ní àdúgbò. Mo ní, ẹ jẹ́ ká mú àáró padà, àmọ́ kó jẹ́ ti àìsàn. Bí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀, àwọn méjì tó kù á bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún un, wọ́n á yan án. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, á san ọjọ́ náà padà fún wọn lójú agbada. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti lò ó láti ìgbà yẹn. Ẹ̀gẹ́ kankan ò tíì bàjẹ́ mọ́. Ẹ wá ẹni méjì tí oko wọn bá tiyín pààlà, kó tó di oṣù Kejì.

Àgbẹ̀ Kajú (Ṣábẹ)

Àáró. Lóòótọ́ ni. Àna mi ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ẹ ṣé, ìyá.

Tàtá Aránṣọ (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ mi. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni pé, "ẹni tí ò bá wá lónìí, kó má wá mọ́." Mo rò pé iṣẹ́ ni mò ń kọ́ wọn. Ní ọdún kan tí ọdún Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù dé àjà. Ọmọbìnrin kan wá, ojú rẹ̀ pupa, mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan. Ó ń rán apá bùbá, orí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kúrò lórí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ wọ inú èékánná ìka ìfábẹ̀là rẹ̀, ó gba ìsàlẹ̀ jáde. Kò tiẹ̀ kígbe. Ó kàn gbójú sókè wò mí bíi pé ó ń tọrọ àforíjì. Àforíjì lọ́wọ́ mi! Mo ti tọrọ ti èmi lọ́wọ́ òun àti ìyá rẹ̀, mi ò sì tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ohun tó ń bí ọ̀gá nínú jù kì í ṣe àìsàn yín. Kéèyàn dúró títí di agogo mẹ́wàá, kó máa wo ọ̀nà, oníbàárà ti jókòó, kò sì mọ̀ bóyá ẹ ń bọ̀ tàbí ẹ ò bọ̀, òun ni. Ẹ pè kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Ẹ fi ẹnu ara yín pè bí ohùn bá wà, ẹ má rán ọmọdé. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín ní ṣókí, ẹ sọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín àti ibi tí ẹ fi í sí, kẹ́ ẹ sì dá ìgbà tí ẹ ó tún pè. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ṣe pè mí lóṣù tó kọjá nìyí: "Tàtá, ẹ kú àárọ̀. Mo bì lóru lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè wá. Aṣọ ìyàwó Alájì ti parí, bọ́tìnnì nìkan ló kù, ó wà nínú àpò búlúù lábẹ́ tábìlì gígé. Màá pè yín ní ìrọ̀lẹ́ láti sọ bí ara ṣe rí." Ṣé mo lè bínú sí ẹni yìí? Mo ní kó máa sùn.

Ẹ má sì purọ́ àìsàn. Ẹni tó bá ń sọ pé òun ń sin ìyá àgbà òun lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, lọ́jọ́ tí àìsàn bá dé lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́.

Akọ̀wé Owó (Àjàṣẹ́)

Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ òfin wọlé díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Benin, ìyẹn òfin 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù Kíní ọdún 1998, kò sọ pé kí wọ́n lé òṣìṣẹ́ dànù torí pé ó ṣàìsàn. Bí dókítà bá ti kọ ìwé sí i pé kó gba "repos", ìyẹn ìsinmi, àdéhùn iṣẹ́ náà dúró sójú kan, kò já. Ìwé dókítà ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹ gbà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí Wásáàpù, ẹ tọ́jú ojúlówó rẹ̀.

CNSS, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gba owó ìdáàbòbò lórí àwọn òṣìṣẹ́, kì í san owó àìsàn lásán bíi palú tàbí inú rírun. Ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ owó ọjọ́ yẹn kàn, iye rẹ̀ sì tẹ̀ lé bí ẹ ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí CNSS ń bójú tó ni ìpalára ojú iṣẹ́ àti ìsinmi ìbímọ, ọ̀sẹ̀ 14. Abẹ́rẹ́ tó gún ọmọ yẹn, bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí CNSS ni, ìpalára ojú iṣẹ́ ni, ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí. Bí ọ̀gá bá kọ̀, ọ́fíìsì inspection du travail, àwọn tó ń rí sí i pé a tẹ̀ lé òfin iṣẹ́, wà, wọn kì í gba owó láti gbọ́ ẹjọ́.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa kò ní ìwé àdéhùn kankan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Láti oṣù Kíní 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ 52.000 sẹ́fà. Ẹ pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó jẹ́ 2.000 sẹ́fà lójúmọ́. Ẹ wá gbé 2.000 yẹn ka ẹ̀gbẹ́ owó ọwọ́ tó ṣẹ́ ní Adjarra.

Ọmọ Káfíńtà (Ìfànyìn)

Ẹ kú ìjókòó o. Màmá Nọ́ọ̀sì, ikọ́ ńkọ́? Ó ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin tí mo ti ń wúkọ́. Ọ̀gá mi ní ìyẹ̀fun pákó ni, àwọn míì ní ọyẹ́ ni. Mò ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Lóru, aṣọ mi máa ń tutù fún òógùn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì (Kétu)

Ọmọ mi, má dúró títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló kàn, pàápàá bí òógùn òru bá wà níbẹ̀, tàbí tí o bá ń rù. Lọ́la ni kó o lọ. Ó lè jẹ́ ìyẹ̀fun pákó lóòótọ́, àmọ́ bí ó bá jẹ́ ikọ́ ife, ìtọ́jú rẹ̀ wà, ìjọba kì í sì í gba owó oògùn rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lò ó. Kò túmọ̀ sí pé wàá jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà: lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tí o bá ti ń lo oògùn dáadáa, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ràn án mọ́, dókítà ló máa sọ ọjọ́ tí wàá padà. Títí dìgbà tí èsì á fi jáde, má lọ sínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣí fèrèsé yàrá rẹ, fi aṣọ bo ẹnu bí o bá ń wúkọ́. Wá sọ fún wa bí wọ́n bá ti yẹ̀ ọ́ wò.

Ti ọ̀fìnkìn lásán, tí ara ò gbóná, ẹ mú aṣọ ìnumú, ẹ máa lọ, àfi ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ ọwọ́. Bí ara bá gbóná tó 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jókòó sílé títí wákàtí 24 á fi kọjá tí ara ò gbóná, láìlo parasitámọ̀. Parasitámọ̀ kàn ń pa iná ni, kò pa ohun tó dá a. Hóró parasitámọ̀ 500 mg, méjọ ni gbèdéke àgbàlagbà láàárín ọjọ́ kan, ẹ má kọjá rẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù (Àjàṣẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ìrora nǹkan oṣù ńkọ́? Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún ọ̀gá ọkùnrin.

Tàtá Aránṣọ (Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi, sọ pé "inú ń run mí, mi ò lè dúró". Ó tó. Kò yẹ kí ó bi ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Nọ́ọ̀sì (Kétu)

Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dá ọ dùbúlẹ̀ lóṣooṣù, lọ rí agbẹ̀bí tàbí dókítà. Wọ́n ti sọ fún àwa obìnrin pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Alásè Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin ará mi, mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúpẹ́.

Lánàá, mo lọ bá ọ̀gá mi kí a tó dáná. Mo sọ òtítọ́ fún un nípa ọjọ́ Ajé yẹn. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ó máa lé mi. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní òun náà ti bì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, òun ò sì sọ fún ẹnì kankan. A jọ jókòó síbẹ̀, a ò mọ ohun tí a ó sọ.

Ó ti ra korobá onífáwẹ́ẹ̀tì kan, ọṣẹ sì wà lórí rẹ̀, a ò tọwọ́ bọ inú abọ́ mọ́. A fẹnu kò pé ẹni tí inú bá ń ṣiṣẹ́ á dúró sílé fún ọjọ́ méjì, òun á san owó ọjọ́ kan, àwa mẹ́ta tó kù á pín iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Owó ọjọ́ kejì á lọ mọ́ aláìsàn lọ́wọ́, mo mọ̀, àmọ́ mi ò rò pé ọ̀gá á gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà wá sí ìdáná ní ọ̀sán, ó ní kí n gbé òun. Mo kọ́kọ́ lọ sídìí korobá.

Onízémíjàn Àjàṣẹ́

Àǹtí Alásè, ẹ jọ̀ọ́, níbo lọ̀gá yín ti ra korobá onífáwẹ́ẹ̀tì yẹn, èló sì ni? A fẹ́ gbé ọ̀kan sí oríta wa.